Dókítà Eyín àti Mọ́tò Oníhò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Dókítà Eyín jẹ́, ẹ fi ihò hàn án. Kò sí ihò tó lè rí kó má wá nǹkan dí i. Ihò ara ògiri, ihò ìsàlẹ̀ bàtà, ihò tí eku lu sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ ló ń dí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wo ẹnu ọmọ aráyé, ó dí eyín olówó, ó dí ti tálákà, ìgbà tó sì fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ ò bá a fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ tiẹ̀ máa ń sọ pé òun kì í yán lójú rẹ̀, kó má baà rọ nǹkan sóun lẹ́nu.

Ìwà yìí ló dá wàhálà mọ́tò tí mo fẹ́ sọ fún yín sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi o, nítorí bí ẹ bá já lù ú, màá gbàgbé ibi tí mo dé, ẹ̀yin náà á sì máa rò pé irọ́ ni mò ń pa.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, Dókítà ra mọ́tò asáré kan, pupa fòò, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kánjú kó kúrò nílùú. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń bú ramúramù, ó ní òun ti rà á. Ìgbà tó gbé e délé tán ló tó yẹ inú rẹ̀ wò. Háà! Kò sí kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀. Kò sí rédíò. Kò sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ibi tó yẹ kí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà, okùn aṣọ pẹlẹbẹ kan ni wọ́n so síbẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni ihò. Ihò wà lára irin ilẹ̀kùn, ihò wà lábẹ́ ìjókòó, kódà irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí mọ́tò lè dúró, wọ́n dá ihò sí i lára lọ bẹẹrẹ. Dókítà fi iwájú orí lé sítíárì. Ó ní, "Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Wọ́n ti tú mọ́tò tà tán kí wọ́n tó ta èyí tó ṣẹ́ kù fún mi."

Ibi tó ti ń dárò lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wọlé dé. Ọkùnrin yìí, Mo-Ti-Sọ ni gbogbo ẹbí ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láyé yìí tí kò ní ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Òjò rọ̀, ó ti sọ. Òjò ò rọ̀, ó ti sọ. Ó yí mọ́tò náà po, ó ki ìka bọ ihò kan, ó ki ìka bọ òmíràn, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín, ó rín, títí ó fi di géètì mú kó má baà ṣubú. Ó ní, "Àna mi, ṣé mọ́tò lẹ rà ni àbí asẹ́? Ó dáa, láti òní lọ, Rà-Má-Wò lorúkọ yín."

Ẹ̀yin èèyàn, orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bí ẹbí bá péjọ, tí Dókítà bá ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, Mo-Ti-Sọ á ní, "Ẹ sún o, Rà-Má-Wò dé!" Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn ò tíì bí nígbà tó ra mọ́tò náà ń pè é ní Bàbá Rà-Má-Wò, wọ́n rò pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dé egungun. Níbi iṣẹ́, ẹni tó bá rí i pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́, ẹ̀rù á bà á. Láàárín àwọn àna rẹ̀, òmùgọ̀ ni. Kì í ṣe nítorí àwọn àna ló tiẹ̀ fi ń dùn ún jù, nítorí pé ojú ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é ni. Kò sí ọkùnrin tó fẹ́ kí ìyàwó òun jókòó kí wọ́n máa fi òun rẹ́rìn-ín.

Kí ló wá ṣe? Ó ní bí wọ́n bá ta asẹ́ fóun, òun á sọ ọ́ di mọ́tò. Bó bá wo aláìsàn tó gbẹ̀yìn tán, sìmẹ́ǹtì eyín tó bá ṣẹ́ kù nínú àwo, kì í dà á nù. Á gbé e lọ sí gáréèjì, á sùn sábẹ́ mọ́tò, á dí ihò mẹ́ta, mẹ́rin, á fi ohun èlò dán wọn títí wọ́n á fi máa kọ mànà. Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ó fi rédíò sí i. Ó fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Ó rọ fóòmù sínú ilẹ̀kùn títí tí ilẹ̀kùn náà ò fi pariwo mọ́. Mọ́tò wá di ohun tí èèyàn ń sùn nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Olùkọ́, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, yẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí egungun ìgbáròkó rẹ̀ sì sán. Wọ́n tò ó, ó jiná, àmọ́ kò lè jókòó sórí ohun líle mọ́, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ wọ mọ́tò. Ọdún yẹn gan-an ni Dókítà ti ilé ìwòsàn rẹ̀ pa. Àga ńlá tí àwọn aláìsàn máa ń sùn lé wà nílẹ̀, kò ríbi gbé e sí. Ẹ ti mọ ohun tó ṣe! Ó tú ìjókòó mọ́tò ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ jù síta, ó sì fi bóòtù de àga eyín mọ́ ibẹ̀.

Àga yẹn mọ iṣẹ́, ẹ má parọ́ mọ́ ọn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, á yí síta, á sọ̀ kalẹ̀, á dúró de Ìyá Olùkọ́. Ìyá Olùkọ́ á gbé ìdí lé e jẹ́jẹ́. Ẹ tún tẹ bọ́tìnnì, á gbé e sókè, á yí i wọlé. Ìrọ̀rí ń bẹ fún orí. Iná ń bẹ lókè tó fi ń ka ìwé. Kódà abọ́ kékeré tí àwọn aláìsàn máa ń tutọ́ sí wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ló ń gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ń kọjá lọ ní títì, àwọn èèyàn á máa wo ìyá àgbàlagbà tó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú mọ́tò asáré bí ẹni tó fẹ́ yọ eyín. Òun ò wo ẹnikẹ́ni. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lọ ní tirẹ̀.

Ìjókòó líle tí wọ́n tú jù síta ńkọ́? Mo-Ti-Sọ ló gbé e lọ, ó ní yóò dára fún ẹ̀yìn òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé òun.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ tí Dókítà sin ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè yẹ ìgbáròkó rẹ̀ wò. Ó jókòó síta, ó mú ìwé ìròyìn aláwòrán kan tó ti gbó lórí tábìlì, ó ń ṣí i láìnídìí. Àfi gbàgà! Mọ́tò pupa. Okùn aṣọ níbi ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ láìsí kápẹ́ẹ̀tì. Ihò, ihò, ihò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ẹ̀dà Fúyẹ́ lorúkọ rẹ̀, pé díẹ̀ làwọn tó ṣe mọ́tò náà ṣe jáde, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ gbogbo ohun tó wúwo kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì dá ihò sára irin rẹ̀ kó lè máa sá bí ẹ̀fúùfù. Wọ́n ní àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò ń wá a káàkiri ayé, wọn ò rí i.

Dókítà fò sókè. Ó pariwo, "Èmi kì í ṣe Rà-Má-Wò! Èmi kì í ṣe Rà-Má-Wò!" Nọ́ọ̀sì méjì sáré wá, wọ́n dì í mú, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó ga.

Àmọ́ ìgbà tó délé tó tún mọ́tò rẹ̀ wò, ọkàn rẹ̀ já. Gbogbo ohun tí ìwé yẹn ní kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tó ní ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i. Síbẹ̀, ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ Ẹ̀dà Fúyẹ́, wọ́n sì ní àwọn máa rán Ayẹ̀wò wá, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ya ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú. Ó pe Mo-Ti-Sọ, ó ní kó wá gbọ́. Mo-Ti-Sọ ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí Ayẹ̀wò bá ní ojúlówó ni, èmi fúnra mi á dìde níwájú gbogbo ẹbí, màá sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní pè yín ní Rà-Má-Wò mọ́. Àmọ́ bó bá ní ayédèrú ni, a ó kọ Rà-Má-Wò sára géètì yín gàdàgbà." Dókítà ní òun gbà.

Ọjọ́ pé, Ayẹ̀wò dé. Obìnrin tín-ínrín ni, ìbọ̀wọ́ funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé àpótí irin dání. Wọ́n ní kó jókòó, ó ní rárá. Wọ́n ní kó mu omi, ó ní òun ń bọ̀ wá mu ún bí mọ́tò bá wà nílé yìí. Ẹ ò rí nǹkan! Kò tilẹ̀ pe mọ́tò náà ní mọ́tò. "Ohun tó wà níwájú mi yìí" ló ń pè é. Dókítà náà kì í ṣe olówó mọ́tò lójú rẹ̀, "ẹni tí ohun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀" ni. Mo-Ti-Sọ ti gbé àga ti ara rẹ̀ wá láti ilé, ó ti jókòó sábẹ́ ibòòji, ó ká ẹsẹ̀ léra.

Ayẹ̀wò ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í. Ilẹ̀kùn náà ní gbìn, jẹ́jẹ́ báyìí. Inú Dókítà dùn, nítorí ìyà jẹ ẹ́ kí ilẹ̀kùn náà tó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ayẹ̀wò mi orí.

"Ojúlówó gbọ́dọ̀ dún bí agolo," ló wí.

Ó mú òòlù kékeré kan, ó ń kan ara irin díẹ̀díẹ̀. Kò, kò, kò. Nígbà tó yá, ó ní kù. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

"Kí ni funfun yìí?"

"Sìmẹ́ǹtì ni," Dókítà dáhùn.

"Irú sìmẹ́ǹtì wo? Èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé?"

"Ó tì o! Ti eyín ni. Èyí tó dára jù."

Ayẹ̀wò dìde dúró. Ó wo Dókítà láti òkè délẹ̀. "Ihò mélòó lẹ dí?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá," Dókítà wí, kò sì lè mú un mọ́ra, ó fi kún un pé, "Kò sí ìkankan tó yọ láti ọjọ́ yìí. Ẹ fọwọ́ kàn án wò."

Lábẹ́ ibòòji, Mo-Ti-Sọ ti ń fi ìnujú nu omijé ẹ̀rín.

Ìgbà tí Ayẹ̀wò dé ibi àga eyín, ó dúró pẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì. Àga yí síta, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró dè é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó sún sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fagbára yọ eyín rẹ̀. Ó ní, "Àwọn tó ṣe Ẹ̀dà Fúyẹ́ kò ṣe irú ìjókòó yìí rí." Ìyá Olùkọ́, tó fara ti ọ̀pá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, dá a lóhùn pé, "A mọ̀. Ọkọ mi ló ṣe é."

Wọ́n gbé mọ́tò náà sórí òṣùwọ̀n. Ayẹ̀wò wo nọ́ńbà, ó tún un wò, ó pa àpótí rẹ̀ dé. Ó ní, "Ohun tó wà níwájú mi yìí ti sanra jù. Ó ṣeé ṣe kí mọ́tò kan wà lábẹ́ gbogbo èyí, àmọ́ èmi ò tíì rí i. Ẹ bọ́ ọ sí ìhòòhò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá padà wá."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kápẹ́ẹ̀tì jáde, yẹtí Ìyá Olùkọ́ tó ti sọnù láti ìgbà tí wọ́n ṣègbéyàwó àkọ́bí wọn sì já bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Rédíò jáde. Ẹ̀rọ amúlétutù jáde, fóòmù inú ilẹ̀kùn náà jáde. Ìgbà tí Dókítà mú sípánà dé ìdí àga eyín, ìyàwó rẹ̀ wá dúró sí i lórí.

"Bàbá wọn, ibo ni kí n máa jókòó sí?"

"Fúngbà díẹ̀ ni, Ìyá wọn. Bí obìnrin yẹn bá ti fọwọ́ sí i tán, màá dá àga rẹ padà."

"Ṣé ohun tó wí nìyẹn?"

"Kò wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ló tún kù tó fẹ́ wí?"

"Mo gbọ́," Ìyá Olùkọ́ wí. Gbogbo ọmọ tó bá ti kàwé lábẹ́ rẹ̀ rí ló mọ̀ pé bó bá ti ní "mo gbọ́", ọ̀rọ̀ ò tíì tán o. Àmọ́ Dókítà ò kàwé lábẹ́ rẹ̀. Ó ń tú bóòtù lọ.

Ó wá ku ihò. Dókítà wọ aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà kan, ó fi ìbòmú bo imú, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń lu eyín, ó sùn sábẹ́ mọ́tò. Ó ń yọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rọrùn fún un rárá, nítorí iṣẹ́ náà dára, kò sì sí dókítà eyín tí inú rẹ̀ máa ń dùn láti yọ ohun tó mú dáadáa. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ara rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ lábẹ́ mọ́tò tó ń wí pé, "Ẹ ya ẹnu dáadáa. Ẹ pẹ̀lẹ́. Bó bá dùn yín, ẹ gbé ọwọ́ sókè." Mọ́tò ò gbé ọwọ́ sókè, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ìjókòó líle ló kù. Ó lọ bá Mo-Ti-Sọ nílé, ó bá a lórí rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo-Ti-Sọ ní òun ò dìde. Ó ní, "Ẹ̀bùn lẹ fi fún mi. Ìdí mi ti mọ́ ọn lára, òun náà sì ti mọ ìdí mi."

"Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù pé ojúlówó lẹ jókòó lé láti ọjọ́ yìí ni?"

Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dìde. "Èmi? Ẹ̀rù? Ẹ gbé e! Ẹ gbé e kúrò níwájú mi! Ayédèrú ni òun àti mọ́tò tó ti wá!"

Ọ̀sẹ̀ yí po, ẹbí péjọ sínú ọgbà ilé, Ayẹ̀wò padà dé. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í. Gán-ín! Ó tún un ṣe. Gán-ín! Omi lé ròrò sí i lójú. Ó ki ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ bọ ihò kan, ó fà á yọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yí ìjókòó líle dojú dé, ó rí àmì àwọn tó ṣe é lábẹ́ rẹ̀ kedere, níbi tí Mo-Ti-Sọ ti jókòó lé ẹ̀rí fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, nọ́ńbà náà ṣe rẹ́gí. Ayẹ̀wò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Dókítà. Ó ní, "Olówó mọ́tò, ẹ kú oríire. Mo lè mu omi báyìí."

Ó fi síkúrù de àwo irin pẹlẹbẹ kan mọ́ iwájú ibi sítíárì: Ojúlówó. Ayọ̀ gba Dókítà lọ́kàn. Ó yíjú sí Mo-Ti-Sọ. Gbogbo èèyàn yíjú sí Mo-Ti-Sọ.

Mo-Ti-Sọ dìde. Ó wú ikọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ gbọ́. Ojúlówó ni. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pe àna mi ní Rà-Má-Wò." Dókítà mí kanlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni èémí yẹn ti wà láyà rẹ̀. "Àmọ́ o," ni Mo-Ti-Sọ tún wí, "ṣé mi ò sọ? Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ki ìka bọ ihò yẹn, ṣé mi ò rẹ́rìn-ín? Ẹ̀rín ayọ̀ nìyẹn! Mo mọ̀ pé ihò yẹn kì í ṣe ihò lásán. Èmi ni mo bá a tọ́jú ìjókòó rẹ̀ sílé. Mo ti sọ tẹ́lẹ̀!"

Kí lẹ fẹ́ kí ẹbí ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń bọ Mo-Ti-Sọ lọ́wọ́, wọ́n ń kí i pé ó kú ojú inú. Dókítà dúró, ó ya ẹnu sílẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ kankan fi dí i. Ó ti rí ohun tó ń wá láti ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tọ́ ọ wò.

Ó sin Ayẹ̀wò dé géètì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè dá àga ìyàwó mi padà báyìí?"

"Ẹ lè dá a padà," Ayẹ̀wò wí. "Bí ẹ bá ti dá a padà, kò sí mọ́tò nílé yín mọ́, ohun kan lásán ló wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún la óò máa wá wọ̀n ọ́n. Bó jẹ́ ìrọ̀rí kan ṣoṣo lẹ fi sí i, màá mọ̀, màá sì yọ àwo irin mi."

Ìyá Olùkọ́ wà lójú fèrèsé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Dókítà gbé àga eyín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri gáréèjì, ó fi aṣọ bò ó, ìtìjú sì mú un bó ti ń bò ó.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Olùkọ́ gbọ́dọ̀ lọ sí ọsibítù. Dókítà ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un. Ìjókòó líle yẹn rẹlẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan títì. Ìyá Olùkọ́ gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó ké yéè, ó di ìgbáròkó mú. Dókítà ní, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, rọra yí ìdí." Ó tún gbìyànjú. Omi jáde lójú rẹ̀. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó gbé báàgì kọ́ apá.

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá wọn," ló wí. "Ẹ máa gbádùn ojúlówó yín."

Ó rọra rìn lọ sí ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì ìjọba dé, irú èyí tó máa ń tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àgbàlagbà. Ó mí fùùù, ó sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Olùkọ́ gẹsẹ̀ lé e bí ẹni wọlé ara rẹ̀, ó sì lọ.

Kí ni Dókítà ṣe? Ó tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi wò ó o! Mọ́tò tí wọ́n dá ihò sí lára kó lè sá ju ẹ̀fúùfù lọ, ó ń rá pálá lẹ́yìn bọ́ọ̀sì ìjọba. Bọ́ọ̀sì dúró, ó dúró. Bọ́ọ̀sì gbéra, ó gbéra. Ooru mú un, ariwo ẹ́ńjìnnì ń fọ́ ọ létí, òkúta wẹ́wẹ́ ń ta sí ihò ìsàlẹ̀ ní kò-kò-kò. Ó ń wo ẹ̀yìn orí ìyàwó rẹ̀ nínú gíláàsì bọ́ọ̀sì lókèèrè. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá tuntun, ó gbàgbé, ó ní, "Ìyá wọn, o ò rí i pé iṣẹ́ yìí ò lọ síwájú," gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wí nígbà gbogbo. Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Ọkùnrin yìí wo ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àárò ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, ó sọ ọ́ gidi, bíi pé obìnrin náà ti rìnrìn àjò tó jìn. Bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì kan péré ló wà láàárín wọn.

Ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sáré, ó kan ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, wọ́n ṣí i. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá Olùkọ́ wò ó, ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Dókítà sì jókòó.

"Mọ́tò yín dà?"

"Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

"Wọ́n á gbé e lọ o."

"Ẹni tó bá gbé e, bó bá jókòó sí i dé oríta kejì, á dá a padà fúnra rẹ̀."

Ìyá Olùkọ́ yíjú sí fèrèsé. Ẹ̀rín ń pa á, kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ rí i.

"Bá a bá ti délé lónìí, màá de àga rẹ padà," Dókítà wí. "Màá dí gbogbo ihò yẹn padà. Kí obìnrin yẹn wá yọ àwo irin rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun Dókítà. "Ó máa rẹ́rìn-ín," ló wí. "Á tún máa pè mí ní Rà-Má-Wò títí màá fi kú."

"Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín," Ìyá Olùkọ́ wí. "Ṣé òun ni ìdí ń dùn?"